Ẹkún Aládùúgbò Kì í Ṣe Kókó Àdúrà Yín

Ẹ̀yin onígbàgbọ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ yín ti pẹ́ nínú mi, mi ò sì ní fi epo rá a lónìí.

Bí ìròyìn búburú bá balẹ̀ ní gáréèjì tàbí ní Sábó, tí wọ́n ní ọkọ̀ já sí kòtò lójú ọ̀nà Ìtòìkín, tí wọ́n ní ìyá kan kú sórí ìkúnlẹ̀, kí ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu yín? "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ a rírú ẹ̀." Ẹ ó ta ìka yí orí ká, ẹ ó ní "Mo kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù," ẹ ó sì máa bá ọjà yín lọ. Ẹni tó wà nínú ọkọ̀ náà, ẹ ò béèrè orúkọ rẹ̀. Ìkókó tí ìyá rẹ̀ kú, ẹ ò béèrè ẹni tó gbé e dání. Òkú ò tíì tutù, ẹ ti sọ ọ́ di ọgbà tí ẹ fi yí ilé ara yín ká. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ìjọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu olórí akọrin, mo ti gbọ́ ọ lórí àga ìwàásù pàápàá, tí gbogbo ìjọ sì ké "Àmín" tí òrùlé fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí.

Mi ò ní àdúrà yẹn burú. Ta ni yóò gbọ́ ibi tí kò ní bẹ Ọlọ́run kó yẹ̀ ẹ́ lórí òun? Ohun tí mo fi ń bá yín wí ni pé ibẹ̀ ni ẹ máa ń dúró sí. Ẹni tí ibi bá, ẹ ò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹsẹ̀ ò dé ibẹ̀, àdúrà náà ò dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí, nítorí a máa ń tètè gbàgbé. Lálẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Kejì ọdún 2016, àwọn ajínigbé ya wọ Babington Macaulay Junior Seminary, ilé ìwé ìjọ Áńgílíkà ní Ìkòròdú níbí, wọ́n kó ọmọbìnrin mẹ́ta lọ. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹta ni wọ́n rí wọn gbà padà. Ẹni tó bá mọ kàlẹ́ńdà ìjọ Áńgílíkà yóò rántí pé Ọjọ́ Ìsinmi kẹrin nínú Lẹ́ńtì ni ọjọ́ náà bọ́ sí, ọjọ́ tí wọ́n ń ṣe àjọyọ̀ àwọn ìyá. Ní oṣù Kẹwàá ọdún yẹn kan náà, wọ́n tún ya wọ Model College Igbóńlá ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rin, olùkọ́ kan àti igbákejì ọ̀gá ilé ìwé. Àfi bí ẹni pé wọ́n ti mọ̀ pé a ó gbàgbé, wọ́n padà wá sí Igbóńlá yìí kan náà lọ́jọ́ 25 oṣù Karùn-ún ọdún 2017, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́fà gba ojú omi lọ. Ọjọ́ 28 oṣù Keje ni wọ́n tó tú wọn sílẹ̀, ní ẹkùn omi Ìlàjẹ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ọjọ́ 64 ni, ẹ kà á.

Nínú ọjọ́ 64 yẹn, kí ni ẹ ń sọ lórí orúnkún? Mo wà láàárín yín, mo gbọ́. "Ajínigbé ò ní mọ ọ̀nà ilé mi." "Olúwa, fi iná yí àwọn ọmọ mi ká." Ìyá kan a pe orí ọmọ mẹ́rin tó bí lọ́kọ̀ọ̀kan, a da òróró lé wọn, a sì dùbúlẹ̀ sùn. Orúkọ àwọn ọmọ mẹ́fà náà jáde nínú ìwé ìròyìn. Orúkọ Mùsùlùmí wà níbẹ̀, orúkọ Kìrìsìtẹ́nì wà níbẹ̀, bí Ẹ̀pẹ́ ṣe rí náà nìyẹn. Mélòó nínú yín ló dárúkọ ẹyọ kan nínú wọn níwájú Ọlọ́run? Àwọn ìjọ kan ṣe bẹ́ẹ̀, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Àwọn arúgbó bíi mélòó kan wà tí mo mọ̀ tí wọn ò fi orúkọ àwọn ọmọ yẹn sílẹ̀ láàárọ̀ títí wọ́n fi dé. Ẹ̀yin tí ó kù ńkọ́?

Ibi tó dùn mí jù ni mo ń bọ̀ wá bá báyìí. Àárín ọjọ́ 64 yẹn gan-an ni ẹ̀rù Badoo gba Ìkòròdú kan. Àwọn ìkà tí wọ́n ń yọ́ wọlé onílé lóru, tí wọ́n ń fi ọmọ ọlọ fọ́ orí bàbá, ìyá àtọmọ lójú oorun. Mi ò fojú kéré ẹ̀rù náà. Ẹlòmíràn kó kúrò nílé tó fi owó ajẹmọ́nú rẹ̀ kọ́, àwọn ọkùnrin àdúgbò ń fi òru ṣọ́nà, wọ́n á sì lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀ pẹ̀lú ojú pípọ́n. Àmọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje ọdún 2017, ní Odógunyán, àwọn èèyàn dá àlejò mẹ́ta dúró. Apanilẹ́rìn-ín ni ọ̀kan nínú wọn, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa mú inú èèyàn dùn. Wọ́n ní Badoo ni wọ́n. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n dáná sun wọ́n. Badoo kọ́ ni wọ́n. Ọjọ́ kejì oṣù yẹn ni Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, èyí tí ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń fi ṣe ìdúpẹ́ oṣù tuntun. A jó, a gbọ́wọ́ sókè, a ní a dúpẹ́ pé a rí ìdajì ọdún lò.

Mi ò mọ ẹni tó ṣá iná náà, mi ò sì ní gbé e ka ìjọ kankan lórí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìlú tí èèyàn ò ti lè rin òpópónà kan já láìrí pátákó ṣọ́ọ̀ṣì ni. Mo sì mọ ohun tí à ń gbà lóru nínú àwọn ṣọ́ọ̀ṣì wọ̀nyẹn. Ẹni tó ti fi oṣù mẹ́fà pàtẹ́wọ́ pé kí ọ̀tá òun ṣubú kó má dìde mọ́, tó ti fẹsẹ̀ janlẹ̀ títí ohùn rẹ̀ fi há, tí wọ́n wá gbé ẹnì kan síwájú rẹ̀ lóru pé ọ̀tá náà rèé, níbo ló ti fẹ́ rí sùúrù tí yóò fi béèrè pé, "Ọmọ ta ni ọ́? Níbo lo ti ń bọ̀?" Ohun tí èèyàn bá ń wí fún Ọlọ́run lálaalẹ́ ló ń kọ́ ọwọ́ rẹ̀ níṣẹ́. Ẹ má tan ara yín pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Ẹlòmíràn nínú yín yóò ní bí àwọn bàbá wa ṣe fi àdúrà lé wa lọ́wọ́ nìyí. Irọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde lọ wo bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, kò kúkú jìnnà sí Ẹ̀pẹ́.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1918, àjàkálẹ̀ ìnfúlúẹ́ńsà bá ọkọ̀ òkun gúnlẹ̀ sí Èkó. Àwọn tó ń sá fún un ló gbé e wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àti gbogbo òkè. Òkú ń sùn, a kò rí ẹni gbẹ́ ilẹ̀. Nínú ìjọ St. Saviour's, ìjọ Áńgílíkà ní Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn kan kó ara wọn jọ láti máa gbàdúrà fún àwọn tí àrùn náà dá gúnlẹ̀. Joseph Shadare wà nínú wọn. Ní Ìsọnyìn nítòsí ibẹ̀, àrùn náà mú olùkọ́ obìnrin kan, Sophia Ọdúnlámi. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó dìde, ó ń sọ fún àwọn èèyàn pé Ẹ̀mí rán òun sí àwọn aláìsàn, pé omi òjò ni kí wọ́n fi wo ara wọn, kí wọ́n pa oògùn tì. Ẹ lè ní èrò tiyín nípa omi òjò. Èmi náà ní tèmi, aláìsàn ilé mi, ọsibítù Jẹ́nẹ́rà ni mò ń gbé e lọ. Àmọ́ ẹ wo obìnrin náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ikú ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ni. Kò jókòó sílé kó máa kọrin pé ọ̀tá ò rí òun gbé ṣe. Àwọn tí wọ́n ṣì wà lórí ẹní ló rántí. Ẹgbẹ́ àdúrà Ìjẹ̀bú-Òde yìí ló di Ẹgbẹ́ Òkúta Iyebíye, tó jáde kúrò nínú Áńgílíkà ní 1922, ó sì wà lára gbòǹgbò ohun tí à ń pè ní Christ Apostolic Church lónìí.

Ọdún méje lẹ́yìn ìnfúlúẹ́ńsà, ní oṣù Kẹfà ọdún 1925, ọ̀dọ́mọbìnrin kan, Abíọ́dún Akínṣọ̀wọ́n, wà nínú ìran ní Èkó, kò jí, ilé dàrú. Wọ́n ránṣẹ́ pe Mósè Orímọládé. Ará Ìkàrẹ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dá ṣáṣá, kò bá ọmọ náà tan. Ìbá ti sọ pé kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òun rírú ẹ̀, kó sì jókòó sílé rẹ̀. Ó lọ, ó gbàdúrà, ọmọbìnrin náà jí. Ibẹ̀ ni Kérúbù àti Séráfù ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń wọ aṣọ funfun láìwọ bàtà kọjá lẹ́bàá ọjà, agbo ilé tí ẹ ti jáde wá nìyẹn. Ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń gbàdúrà fún. Ìgbà wo ló di pé kí oníkálukú gbé àbẹ́là tirẹ̀, kí ó máa sun ọ̀tá bàbá tirẹ̀?

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ẹ má rò pé mo ti gbàgbé yín, ẹ̀yin tí ẹ ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín àwọn Aládùúrà. Lítánì wà nínú Ìwé Àdúrà yín. Ẹ ṣí i, ẹ wo àwọn tó ní kí ẹ bẹ Ọlọ́run fún: àwọn tó ń rìnrìn àjò lórí ilẹ̀ àti lórí omi, àwọn obìnrin tó ń rọbí, àwọn aláìsàn, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́, àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àwọn tó wà nígbèkùn. Orí omi, Ìpákodò nìyẹn, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Èkó láàárọ̀. Ìrọbí, ilé ìgbẹ̀bí tó wà lẹ́yìn ilé yín nìyẹn. Ọmọ wẹ́wẹ́ àti ìgbèkùn, Igbóńlá nìyẹn ní ọdún 2017. Àwọn tó ṣe ìwé náà kò mọ Ẹ̀pẹ́, síbẹ̀ wọ́n ti to gbogbo rẹ̀ kalẹ̀ fún wa. Kí ni ẹ ṣe sí i? Ẹ ní ó gùn. Ẹ ní kò gbóná. Ẹ gbé e tì, ẹ lọ kọ́ àdúrà ta-ni-ń-bá-mi-jà níbòmíràn, ẹ wá ń ṣe é láàbọ̀ lẹ́yìn ìsìn.

Àánú kì í ṣàdédé wọ inú èèyàn. Mo ti dàgbà tó láti mọ̀ pé ọkàn èèyàn le. Mo sì ti rí i pé kò sí ohun tó ń rọ̀ ọ́ bíi kéèyàn máa dárúkọ ẹnì kan fún Ọlọ́run lójoojúmọ́, pàápàá ẹni tí kò wu èèyàn. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹnu lásán ni. Wàá pe orúkọ obìnrin tó bá ọ jà nítorí omi ẹ̀rọ, wàá pè é bí ẹni tó ń tu nǹkan kíkorò jáde. Lọ́sẹ̀ kejì, wàá bẹ̀rẹ̀ sí ronú ohun tí wàá bá a béèrè. Nígbà yẹn ni wàá mọ̀ pé o ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ṣé ọkọ rẹ̀ ti ríṣẹ́? Ikọ́ ọmọ rẹ̀ tó ń dún lóru, ṣé ó ti fi í han dókítà? Wàá ní láti lọ béèrè. Ibi tó yẹ kó dé nìyẹn. Ẹni tí o ti gbé síwájú Ọlọ́run fún oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ rẹ yóò mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ kí o tó mọ̀.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba "Olúwa, rántí gbogbo aláìsàn" lẹ́nu yín mọ́. Gbogbo aláìsàn, ta ni? Ẹ dárúkọ. Ẹni tó wà ní wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin ní Jẹ́nẹ́rà Ìkòròdú ní orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́.

Ìwàásù ìlọ́po méjì Jóòbù, ìyẹn náà ti kún mi létí. Gbogbo ọdún tuntun ni ẹ ń gbà á, pé ohun tí ẹ pàdánù yóò padà ní méjì-méjì. Ẹ padà lọ ka orí 42 ìwé náà dáadáa. Ìgbà tí Jóòbù gbàdúrà fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni Ọlọ́run yí ìgbèkùn rẹ̀ padà. Àwọn ọ̀rẹ́ wo? Àwọn tí wọ́n wá kí i, tí wọ́n jókòó ti egbò rẹ̀, tí wọ́n sì ń sọ fún un pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ló fà á. Ẹ fo ìyẹn, ẹ mú màlúù àti àgùntàn.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan yóò dìde, yóò ní, "Bàbá, ṣé Badoo náà ni kí n gbàdúrà fún?" Bẹ́ẹ̀ ni, ọmọ mi. Mi ò ní kí ọlọ́pàá má mú un. Kí wọ́n mú un, kí adájọ́ dá ẹjọ́ rẹ̀ bó ṣe tọ́. Àmọ́ nígbà tí wọ́n ń sọ Sítéfánù lókùúta, ó bẹ Ọlọ́run pé kó má ka ẹ̀ṣẹ̀ náà sí wọn lọ́rùn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan sì wà níbẹ̀ tó ń ṣọ́ aṣọ àwọn tó ń jùkò. Sọ́ọ̀lù ni, ẹni tí ẹ ń ka ìwé rẹ̀ ní gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi. Ká ní ẹnì kan ní Odógunyán lóru yẹn ti kọ́ láti máa gbàdúrà fún ọ̀tá, bóyá ìbá ti rí i pé ẹni tó wà níwájú òun kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀tá.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ kọ́ ni mò ń bá wí o. Ìyá tó ti ń wá ọmọ láti ọdún mẹ́wàá, kó sunkún tirẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Bí Hánà ṣe ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin tí ara yín le, tí oúnjẹ wà nílé, tí ẹ ṣì ń sá kiri láti ibùdó àdúrà kan sí òmíràn nítorí àlá tí ẹ lá, ẹ̀yin ni.

Ìwọ onílé ní Ágíríìkì, tó ti ìṣọ́ òru dé, tó sì já ìwé lé ayálégbé lọ́wọ́ kí aago méje tó lù, ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti dá ọkùnrin náà dúró lẹ́nu iṣẹ́? Ìwọ ìyá tó ń lọgun mọ́ ọmọ ọ̀dọ̀ pé kò tíì gbálẹ̀, ọmọ tí kò sùn tó nítorí pé òun ló ṣílẹ̀kùn fún ọ, nígbà wo lo ti dárúkọ rẹ̀ ládùúrà? Ṣé o tilẹ̀ mọ orúkọ ìyá tó bí i?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010, omi odò Ògùn kún bo Àjẹgúnlẹ̀ lójú ọ̀nà Ìkòròdú, lẹ́yìn tí wọ́n tú omi sílẹ̀ láti ìdídò Ọyán. Ìjọba kó àwọn tí omi lé jáde lọ sí àgọ́ ní Àgbówà. Ẹni tó bá mọ agbègbè wa mọ̀ pé Àgbówà kò jìnnà sí ojú ọ̀nà tó ti Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì àwọn ìjọ ń gbà lọ sí àgọ́ àdúrà lóṣooṣù. Bọ́ọ̀sì mélòó ló yà? Jákọ́bù ti sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó ń sọ fún ẹni tí ebi ń pa pé kó máa lọ ní àlàáfíà, tí kò sì fún un ní nǹkan kan.

Ẹ̀yin olùṣọ́-àgùntàn, mo fi yín sẹ́yìn nítorí ọ̀wọ̀. Ẹ̀yin lẹ ń kọ kókó àdúrà. Mo ti ka púpọ̀ nínú rẹ̀: àtòkè délẹ̀, èmi, tèmi, ilé mi, ògo mi, ọ̀tá mi. Ẹ mọ̀ pé òun ló ń kún àga. Bí ẹ bá kéde pé àdúrà ìfọ́ ọ̀tá túútúú ni, kò ní sí àyè ìdúró. Bí ẹ bá kéde pé àdúrà fún àwọn opó àdúgbò ni, ẹ̀yin àti olùgbálẹ̀ ni yóò kù. Mo mọ̀. Àmọ́ ta ló kọ́ wọn bẹ́ẹ̀?

Ìṣọ́ òru ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ẹ fi wákàtí àkọ́kọ́ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má dárúkọ ara rẹ̀ níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má pe ọ̀tá. Kí oníkálukú kọ orúkọ méjì wá sínú bébà: ti ẹni tí ìyà ń jẹ ní àdúgbò rẹ̀, yálà Mùsùlùmí ni o tàbí Kìrìsìtẹ́nì, àti ti ẹni tí òun kì í kí. Ẹ̀yin alámòójútó, ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà kí ẹ wo bébà náà. Ẹni tí kò bá ní orúkọ lọ́wọ́, kó padà sí òpópónà rẹ̀ lọ béèrè, kó tó wọlé.